Ohun Tí N Kò Sọ fún Yín Lọ́jọ́ Fìdáù

                                                  Ilé Ọ̀ṣúndáre,
                                                  Ìlọ́bù, nítòsí Òṣogbo,
                                                  Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.
                                                  Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kọkànlá, 1998.

Ẹ̀gbọ́n mi Comfort ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ọ̀nà jíjìn. Ṣé àlàáfíà ni ẹ wà? Bàbá Fàwáz ńkọ́, ṣé iṣẹ́ wọn ń lọ déédéé? Fàwáz fúnra rẹ̀ ńkọ́, ṣé ikọ́ tó ń dà á láàmú ti lọ? Mo mọ̀ pé ọyẹ́ á ti bẹ̀rẹ̀ ní Kàdúná lọ́hùn-ún báyìí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa fi nǹkan bo àyà rẹ̀ láàárọ̀. Màmá ní kí n kí yín. Bàbá náà ti ń lọ sóko padà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹsẹ̀ ṣì ń dùn wọ́n.

Ara mi le. Mò ń jẹun, mò ń sùn, mò ń fọ aṣọ. Ohun tí mo máa ń sọ fún ẹni tó bá béèrè mi nìyẹn. Ṣùgbọ́n, ẹ̀gbọ́n mi, ó ti pé oṣù mẹ́jọ tí n kò ti mọ nǹkan kan lára. Ẹ má rò pé inú mi bàjẹ́ ni. Kò bàjẹ́, kò sì dùn. Wọ́n bímọ nínú agbo ilé wa lóṣù kẹfà, wọ́n gbé ọmọ náà fún mi, mo sì gbé e bí ẹni tó ń bá èèyàn di ẹrù mú. Omi gbígbóná dà sí mi lẹ́sẹ̀ lọ́jọ́ kan. Màmá ló ké, èmi kọ́.

Lóṣù kẹsàn-án a ṣe ìdánwò ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Mo ka àwọn ìbéèrè náà, mo mọ ìdáhùn wọn. Mo kọ orúkọ mi àti nọ́ńbà mi, mo sì jókòó bẹ́ẹ̀ títí wọ́n fi ní kí a dìde. Ìdánwò mẹ́ta ni mo ṣe báyẹn. Ọ̀gbẹ́ni Ọdẹ́wálé, tó ń kọ́ wa ní ìtàn, pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀. Mo rò pé yóò bú mi ni, kò bú mi. Ó bi mí bóyá ìjà ilẹ̀ Ìlọ́bù àti Ìfọ́n yìí kan ilé wa, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní èmi nìkan kọ́ ni irú rẹ̀ ń ṣe, pé kì í ṣe wèrè, kì í sì í ṣe ọ̀lẹ. Ó wá sọ fún mi nípa obìnrin kan ní Ìbàdàn, Arábìnrin Àyànlọ́lá, tó jẹ́ pé iṣẹ́ tó kọ́ ni kí ó máa bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí nǹkan ti dẹ́rù bà kọjá àlà sọ̀rọ̀. Àwọn tí ọ̀nà wọn jìn, orí tẹlifóònù ló ti ń dá wọn lóhùn.

Bí mo ṣe di ẹni tó ń wọ mọ́tò lọ sí Òṣogbo ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ nìyẹn. Ilé tẹlifóònù kan wà ní Òkè-Fíà tí wọ́n fi pákó gé yàrá kékeré sínú rẹ̀. Tí aago mẹ́wàá bá lù, Arábìnrin Àyànlọ́lá á pè, wọ́n á dárúkọ mi, màá wọlé, màá ti ilẹ̀kùn. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, n kò sọ ju "Ẹ káàárọ̀ mà" lọ. Obìnrin náà ní kò burú, òun kò níbi tí òun ń kánjú lọ. Mo ń gbọ́ bó ṣe ń mí. Lọ́sẹ̀ kejì, ó ní kí n máa ka ohun tí mo bá rí nínú yàrá náà fún òun. Mo ka àga, mo ka kàlẹ́ńdà, mo ka aláǹgbá kan tó wà lára ògiri. Nígbà tó yá, ó bi mí nípa oúnjẹ, oorun, ìwé mi. Kò béèrè nípa ìjà náà rárá.

Lánàá ni ó di Ọjọ́bọ̀ keje, àná náà sì ni mo fẹnu ara mi sọ ọ́. Obìnrin náà bi mí pé ta ni mo tún fẹ́ kí ó mọ̀. Mo ní ẹ̀yin ni. Ìdí tí mo fi ń kọ ìwé yìí nìyẹn.

Lọ́jọ́ fìdáù Ìyá Àgbà, ẹ pè mí sẹ́yìn ilé, ẹ bi mí bóyá ẹnì kankan wà lọ́dọ̀ wọn nígbà tí iná dé. Mo sọ fún yín pé Òṣogbo ni mo wà. Irọ́ ni mo pa. Ìfọ́n ni mo wà, nínú ilé náà. Mo ti lo ọjọ́ mẹ́ta lọ́dọ̀ wọn.

Ọ̀sán ni, lẹ́yìn ìrun aílà. A gbọ́ ariwo, a rí èéfín, àwọn èèyàn ń sáré kọjá lójú ọ̀nà. Mo ní kí a máa lọ. Ìyá Àgbà ní orúnkún àwọn kò gbé àwọn mọ́. Wọ́n ní láti ọjọ́ tí wọ́n ti kó àwọn sínú lọ́rì, tí wọ́n lé àwọn kúrò ní Gánà lọ́dún 1969, pẹ̀lú aṣọ ọrùn àwọn nìkan, ni àwọn ti sọ pé àwọn kò tún ní sá kúrò nílé tí àwọn fọwọ́ ara àwọn kọ́. Mo ní kí n pọ̀n wọ́n. Wọ́n kọ̀. Mo fà wọ́n lọ́wọ́, wọ́n di férémù ilẹ̀kùn mú. Ẹ̀gbọ́n mi, mo fi wọ́n sílẹ̀. Mo ní mò ń lọ pe ẹni tí yóò bá mi gbé wọn. N kò pe ẹnikẹ́ni. Mo gba ọ̀nà oko, n kò sì dúró títí mo fi dé Ẹ̀rìn.

Ìyókù ẹ mọ̀ ọ́n. Ìyá Mọ́ríátù tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ló bá wọn nídìí kànga lọ́jọ́ kejì, èéfín ti kún àyà wọn. Ọjọ́ kẹta ni wọ́n kú sí ọsibítù. N kò sunkún. Gbogbo ilé ń sọ pé mo lọ́kàn, pé mo gbé e bí àgbà.

Nígbà tí mo sọ ọ́ tán lánàá, mo rò pé obìnrin náà yóò gbé tẹlifóònù sílẹ̀. Kò gbé e sílẹ̀, ó bi mí pé:

"Kí ni wọ́n sọ fún ọ kẹ́yìn?"

Mo ní n kò mọ̀. Òótọ́ ni, n kò mọ̀. Ó ní kí n má kánjú. Mo jókòó pẹ̀lú tẹlifóònù létí, mo wá rántí. Mo ti dé ẹnu ọ̀nà nígbà tí wọ́n pè mí. Ohùn wọn kò le. Wọ́n ní:

"Tóyọ̀sí, wọ bàtà rẹ. Ẹ̀gún wà lọ́nà oko."

Ọ̀nà oko ni wọ́n sọ, ẹ̀gbọ́n mi. Wọn kò sọ ọ̀nà ilé ẹnikẹ́ni. Wọ́n mọ̀ pé n kò ní padà wá, bàtà ni wọ́n sì ń rò fún mi. Mo padà wọ̀ ọ́. Iwájú wọn ni mo ti wọ̀ ọ́.

N kò sunkún lánàá náà. Arábìnrin Àyànlọ́lá ní òun kò retí rẹ̀, pé kí n ṣáà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n nínú mọ́tò, ọwọ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ó sì ń gbọ̀n títí mo fi délé. Obìnrin tó jókòó tì mí bi mí bóyá ibà ni. Mo ní kì í ṣe ibà.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì ti gbà kí n tún ìdánwò náà ṣe lóṣù kìíní. Màmá kò tíì mọ ohun tí mo kọ síhìn-ín. Ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ sọ fún nítorí pé ọwọ́ Ìyá Àgbà ni ẹ dàgbà sí. Tí ẹ bá fẹ́ bínú, ẹ bínú kí ẹ sì kọ ọ́ ránṣẹ́. Ohunkóhun tí ẹ bá kọ, màá kà á tán.

Ẹ bá mi kí Bàbá Fàwáz, ẹ bá mi gbá Fàwáz mọ́ra.

Èmi àbúrò yín, tó wà nílé náà lọ́jọ́ yẹn,

Tóyọ̀sí