Ọ̀nà Tí Màámi Ò Rí

                                        Ṣọ́ọ̀bù Télọ̀,
                                        Ẹ̀yìn Ilé Ìwòsàn Eléyín,
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kọkànlá.

Alábẹ́rẹ́, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹ̀yìn tó ń dùn ẹ́, ṣé ó ti lọ? Mo ní kó o yéé ba lórí ẹ̀rọ ìránṣọ, etí ikún lo kọ sí mi. Àwa náà wà lálàáfíà, a dúpẹ́.

Inú mi ń dùn débi pé mo gbé aṣọ oníbàárà tì kí n lè kọ lẹ́tà yìí. Ìwọ lo ní ká gbé Màámi wọ bàálù, torí náà ìwọ ló yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́.

O mọ̀ pé látìgbà tí orúnkún ti ń dá Màámi lóró, wọn ò lè jókòó sínú ọkọ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ mọ́. Bẹ́ẹ̀, ó lé ní irinwó kìlómítà dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n wọn, Màmá Àgbà, kòtò ló sì kún ọ̀nà náà. Orí fóònù nìkan ni wọ́n ti ń gbóhùn ara wọn. Tí wọ́n bá sọ̀rọ̀ tán, Màámi á mí kanlẹ̀, wọ́n á ní, "Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi, ó di ọ̀run nìyẹn."

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ la gba pápákọ̀ òfuurufú lọ. Màámi gbé ìrọ̀rí, aṣọ ìbora àti fúláàsì tíì dání, bí ẹni ń kó kúrò nílé. Mo ní kò ní ju àádọ́ta ìṣẹ́jú lọ lófuurufú. Wọ́n ní kí n má fi àgbà ṣeré. Nígbà tí bàálù gbéra, wọ́n di apá mi mú bí ẹni mú olè. Nígbà tó yá, ọkàn wọn balẹ̀, wọ́n tẹ́ ìrọ̀rí, wọ́n ní tá a bá dúró jẹun kí n jí wọn. Kò pẹ́ ni bàálù ń lọ sílẹ̀. Wọ́n lajú, wọ́n bi omidan tó ń tọ́jú èrò pé, "Ọmọ mi, ta lẹ gbàgbé tẹ́ ẹ fi ń padà?" Ó ní a ti dé ni. Ha! Ojú tí Màámi fi wò ó!

Bọ̀dá Kápẹ́ńtà, ọmọ Màmá Àgbà, ló wá pàdé wa. Wọ́n dọ̀bálẹ̀, "Màmá, ẹ kú ewu ọ̀nà o!"

Màámi ní, "Ọ̀nà wo? Èmi ò rí ọ̀nà kankan. Àwọsánmà ni mo rí."

Bọ̀dá ò sọ fún ìyá wọn pé à ń bọ̀, torí tí Màmá Àgbà bá fi gbọ́ bàálù, oorun ti dá lójú wọn nìyẹn. Màmá Àgbà ń gbálẹ̀ iwájú ilé nígbà tá a dé. Ìgbálẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ wọn. "Yéè! Ta ló kú?" Ẹ̀bi wọn kọ́. Kò sẹ́ni tó ń ti ọ̀dọ̀ wa débẹ̀ láàárọ̀, àfi ẹni tó fi gbogbo òru rìn nítorí ọ̀fọ̀.

Màámi ní, "Kò sẹ́ni tó kú. Èmi ni mo fò wá wò yín." Ni wọ́n bá dì mọ́ra wọn, tẹkúntẹ̀rín.

Ìtàn tí wọ́n sọ ò lóǹkà. Màámi tó ń nà mí nítorí ìrìn òru, àṣé àwọn náà ti fo fèrèsé lọ wo sinimá rí! Wọ́n tún jà o, lórí ìkòkò kan tó ti fọ́ kí wọ́n tó bí mi.

Nírọ̀lẹ́ àná la fẹ́ máa padà. Mo ti mú aṣọ ìnujú dání, torí mo mọ bí wọ́n ṣe sunkún nígbà tí wọ́n pínyà kẹ́yìn. Màmá Àgbà sìn wá dé ìdí ọkọ̀, wọ́n kàn ní, "Àbúrò mi, ó dàárọ̀ o," bí ẹni ń kí ará yàrá kejì. Màámi náà ní, "Ó dàárọ̀, ẹ̀gbọ́n mi." Èmi nìkan ni mo sunkún. Látìgbà tá a ti délé, Màámi ò tíì dárúkọ ọ̀run.

Bá mi kí ọkọ rẹ, kó o gbá àwọn ọmọ mọ́ra fún mi. Ìwọ náà tó o máa ń sọ pé ọ̀nà ibí jìn, ọ̀nà wo?

Ó dàárọ̀ o.

                                        Èmi ni,
                                        Ẹlẹ́nu Mímú rẹ.