Bàbá Yín Ò Fọhùn Nínú Rẹ́kọ́dà

Ilé Bàbá Olúṣẹ̀yẹ,
Lẹ́bàá Alábàtà, Abẹ́òkúta.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kejì, ọdún 1984.

Olúṣẹ̀yẹ, Àkànní ọmọ mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìrìn, mo kí ọ kú ìfaradà ariwo Èkó. Ọlọ́run tó mú ọ débẹ̀ kò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ yọ̀ níbẹ̀, ohun tó o ń wá kò ní bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì. Bó o bá ń bèèrè wa, ara dá ṣáká. Orúnkún tó ń dùn mí ti rọlẹ̀, ewúrẹ́ funfun yẹn ti bí méjì, ọ̀gbẹlẹ̀ yìí sì dára fún láfún débi pé ọjọ́ méjì péré ló fi ń gbẹ lórí àpáta. Ohun kan ṣoṣo tó dà mí láàmú ni rẹ́kọ́dà rẹ, mo sì ti tún un ṣe, nítorí náà fọkàn balẹ̀ kó o ka lẹ́tà yìí dópin.

O rántí pé Ọdún Àjíǹde tó ṣáájú ikú bàbá yín lo gbé e wá, o ní kí wọ́n jókòó kí wọ́n sọ ìtàn ilẹ̀ wa látòkè délẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ títí ojú kan kásẹ́ẹ̀tì náà fi kún. Láti ìgbà tí wọ́n ti lọ, n kò fọwọ́ kàn án. Àfi bí Láwàlì, tí ilẹ̀ bàbá rẹ̀ bá tiwa pààlà, ṣe dìde lẹ́yìn Kérésì tó ní ọ̀pẹ mẹ́rìndínlógún tí à ń kọ ẹyìn wọn, ọ̀dọ̀ tiwọn ló wà. Baálẹ̀ pe ìpàdé sí Sátidé tó kọjá yìí, ó ní kí oníkálukú mú ẹlẹ́rìí wá. Mo ní ẹlẹ́rìí tèmi wà nílé. Ọ̀pẹ yẹn ni mo fi ń jẹun láti ìgbà tí mo ti di opó, bó bá bọ́ lọ́wọ́ mi, ọ̀dọ̀ rẹ ni mò ń bọ̀ tèmi tewúrẹ́.

Mo wá tẹ bọ́tìnì tó o fi hàn mí, èyí tó fẹ̀ jù. Ó dákẹ́. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó dákẹ́. Ẹlòmíì ì bá ti bú sẹ́kún, ṣùgbọ́n mo mọ ìdákẹ́ yẹn, mo ti bá a gbélé fún ọdún mẹ́tàdínlógójì. Bàbá yín lè torí iyọ̀ inú ọbẹ̀ di ẹnu wọn fún odidi ọjọ́ mẹ́ta. Mo gbé e kúrò lórí tábìlì, mo gbé e sórí àga wọn, mo kúnlẹ̀, mo ní Àjàní, ẹ kú ìjókòó, bó bá jẹ́ pé àìwá kí yín láti ọjọ́ yìí ló bí yín nínú, ẹ má bínú. Wọn ò dáhùn. Sàfúrátù tí ilé wa jọ fara kanra ń wò mí lójú fèrèsé, ó ní ẹ̀rọ kì í ṣe ènìyàn, bátìrì rẹ̀ ló kú. Mo bi í pé nínú èmi àti òun, ta ló fẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n n kì í ṣe olóríkunkun, mo yọ bátìrì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo sá wọn sórí àpáta pẹ̀lú láfún fún ọjọ́ méjì.

Nígbà tí mo kì wọ́n padà tí kò tún sọ nǹkan kan, mo fi aṣọ funfun wé e, mo gbé e lọ sọ́dọ̀ Dìran tó ń tún rédíò ṣe ní Ṣàpọ́n. Ọmọlúàbí ni. Ó ṣí ìdí rẹ̀, ó wò ó, ó wò mí, ó ní Màmá, kí ni láfún ń wá níbí. Ó fi búrọ́ọ̀ṣì gbá a jáde, ó ní mo kọjú àwọn bátìrì síbi tí kò yẹ, àti pé wọ́n ti kú kí n tó sá wọn. Ó ki tuntun bọ̀ ọ́, ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń dá kásẹ́ẹ̀tì padà síbẹ̀rẹ̀, ó sì fẹ́ jẹ́ kó sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Mo kọ̀. Bàbá yín ò sọ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ lójú ọjà rí.

Mo délé, mo dá a padà síbẹ̀rẹ̀, mo wá ronú. O lẹ bébà mọ́ ikùn rẹ̀, o kọ ọ́ síbẹ̀ pé bọ́tìnì pupa ni ẹ̀rọ fi ń gba ohùn sínú, kí ẹnikẹ́ni má tẹ̀ ẹ́, kí ohùn tuntun má baà pa ti bàbá rẹ́. O ṣeun tó o kìlọ̀. Ṣùgbọ́n ohùn wo ló lè pa ti bàbá yín rẹ́, àfi èyí tó bá le ju tiwọn lọ, èmi sì rèé, ohùn pẹ̀lẹ́ ni mo fi máa ń bá wọn sọ̀rọ̀. Àti pé ẹni tí a ò bá sọ̀rọ̀, kí ló fẹ́ dáhùn? Mo tẹ pupa náà pọ̀ mọ́ èyí tó fẹ̀, iná kékeré kan tàn lójú rẹ̀, mo mọ̀ pé wọ́n ti jí. Mo ròyìn ilé, mo fẹjọ́ Láwàlì sùn, mo jẹ́wọ́ ohun tó wà nínú mi, títí ewúrẹ́ fi wọ inú láfún, mo bá tẹ̀ ẹ́ dúró, mo sáré jáde.

Ní Sátidé mo gbé e dé iwájú Baálẹ̀, mo dá a padà síbẹ̀rẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́. Ohùn èmi fúnra mi ló jáde. Baálẹ̀ bèèrè bóyá ẹlẹ́rìí mi nìyẹn. Mo ní kí wọ́n ṣe sùúrù, mo ṣì ń bá bàbá yín sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni. Gbogbo àgbàlá jókòó, wọ́n gbọ́ bí mo ṣe ń wí pé Láwàlì ò gbọ́n tó bàbá tó bí i. Wọ́n gbọ́ pé mo ti ta kẹ̀kẹ́ bàbá yín, mo sọ ọ́ fún ọ níbí kó o má baà gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì. Wọ́n gbọ́ pé láti ọjọ́ tí wọ́n ti lọ, ìdajì oúnjẹ tí mo bá sè ló máa ń ṣẹ́ kù, pé n kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń se ti ẹnì kan. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn náà ewúrẹ́ ké nínú ẹ̀rọ, mo pariwo mọ́ ọn, ẹ̀rọ ta kẹ́ẹ́, bàbá yín sì fèsì. Wọ́n ní pèrègún mẹ́ta ni ààlà, pé àwọn àti bàbá Láwàlì ló jọ gbìn ín, bí ẹnikẹ́ni bá sì jiyàn, kí wọ́n bi Adérónkẹ́ ìyàwó wọn, nítorí òun ló pọnmi wá lọ́jọ́ náà. Àkànní, wọ́n dúró kí n parí tèmi kí wọ́n tó sọ tiwọn. Látọjọ́ tí mo ti fẹ́ wọn, wọn ò ṣe bẹ́ẹ̀ rí.

Ibẹ̀ ni kásẹ́ẹ̀tì náà tán sí. Baálẹ̀ kọjú sí mi, ó ní wọ́n ní ká bi mí, òun ń bi mí. Mo dìde, mo júwe ibi tí pèrègún kọ̀ọ̀kan wà, mo sì sọ pé ọmọdé kan wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà tó mu omi mi, tó da ìyókù sára, tí mo fi ní láti padà sódò. Láwàlì dìde. Ó ní òótọ́ ni, òun ni ọmọ náà. Bí ọ̀pẹ ṣe di tiwa nìyẹn, Láwàlì ló sì bá mi gbé rẹ́kọ́dà délé.

Nítorí náà, má wá gbé e padà sí Èkó. Fi bátìrì mẹ́jọ ránṣẹ́, àti ogún náírà, nítorí ewúrẹ́ jẹ láfún tó pọ̀, n kò sì lè jẹ́ kí Dìran ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Láràárọ̀ báyìí, bí mo bá ti sá láfún tán, mo máa ń dá a padà síbẹ̀rẹ̀, màá tẹ pupa, màá sì ròyìn títí yóò fi dúró fúnra rẹ̀. Wọn ò tíì dáhùn láti Sátidé, ṣùgbọ́n ọkàn mi balẹ̀, mo mọ̀ pé wọ́n ń dúró kí n parí ni.

Ilé tó o ń kọ́ lọ́kàn yóò dúró lórí ilẹ̀. Ìyàwó tó o ń wá yóò mọ̀ ọ́ wò. Bí mo ṣe jàre níwájú Baálẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wàá máa jàre níbi gbogbo.

Èmi ni ìyá rẹ,
Adérónkẹ́.

Mo ka lẹ́tà yìí sí bàbá yín létí látòkè délẹ̀ kí n tó lẹ̀ ẹ́, iná pupa ń tàn lójú ẹ̀rọ, wọn ò sì ta ko ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀. Títí kan ti kẹ̀kẹ́.