Orúkọ Okùn Tí Ìyá Mi Kò Fẹ́ Sọ

Ìyá mi,

Ara mi le. Oúnjẹ Shillong kò wọ́n jù, ikọ́ yẹn sì ti ń lọ díẹ̀díẹ̀. Ọ̀rọ̀ yín nìkan ló sú mi.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti bẹ̀ yín: kí là ń pe okùn tí wọ́n ń fi de ẹsẹ̀ gun igi kwai lọ ká èso tí à ń rún lẹ́nu lọ́dọ̀ wa? Kékeré lẹ rán mi wá sílé ìwé níbí. Níbo ni kí n ti mọ̀ ọ́n? Ọ̀gá mi, Kyrshan, ń kó ọ̀rọ̀ àwa ẹ̀yà War jọ sínú ìwé atúmọ̀ èdè, irú èyí tí àwọn Khasi ti ní tipẹ́. Lánàá ó ní, "Arábìnrin, bó bá di ọjọ́ Ẹtì tí o kò mú un wá, orúkọ Khasi la máa kọ síbẹ̀." Ẹ gbọ́! Okùn àwa fúnra wa!

Ẹ̀yin wá ní kí àbúrò yín, Bàbá Shemphang, jíṣẹ́ fún mi lórí fóònù pé: "Ṣé ọ̀rọ̀ ni mo ń tà? Àbíkẹ́yìn obìnrin bíi tìrẹ ló ń jogún ilé, òun ló ń jókòó ti ìdáná rẹ̀. Wá gun igi náà fúnra rẹ, orúkọ okùn á wọ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀."

Owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ á jẹ owó tí mò ń gbà lórí ogójì ọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo tọrọ, Ìyá!

Ẹ bá mi kí Bàbá Shemphang. Ẹ kí àwọn ẹ̀gbọ́n mi, kí ẹ sì kìlọ̀ fún wọn pé kí ẹnikẹ́ni má sùn sí àyè mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdáná.

Ọmọ yín,
Phidarihun