Orúkọ Tí Mo Pa Rẹ́ Lára Ìbọn Yín

Bàbá mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lẹ wà? Mo mọ̀ pé láti ìgbà tí ẹ ti jáde láyé, kò sẹ́ni tó máa dá mi lóhùn, ṣùgbọ́n n kò lè bẹ̀rẹ̀ láìkí yín. Màmá ń bẹ, orúnkún nìkan ló ń yọ wọ́n lẹ́nu. Iṣu ọdún yìí ta dáadáa. Àmọ́ èyí kọ́ ni mo torí rẹ̀ kọ̀wé. Mo ṣe ohun kan, Bàbá, ó sì di ọ̀sẹ̀ méjì báyìí tí n kò lè wo ògiri tí ìbọn yín gbé kọ́ sí. Ojú ń tì mí.

Ní gbogbo Jímọ̀, tí ẹ bá ti mọ́sáláṣí dé, ẹ ó sọ ìbọn náà kalẹ̀, ẹ ó fi àkísà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ àdín, ẹ ó sì máa nù ún láti ẹnu dé ìdí. Ìtàn kan náà lẹ máa ń sọ: bàbá bàbá yín ló ru ẹrù òyìnbó Amẹ́ríkà kan láti Abẹ́òkúta wọ Òkè-Ògùn, nígbà tí òyìnbó náà sì ń padà sílé, ó fi ìbọn ọ̀hún ta á lọ́rẹ. Ẹ ní kì í ṣe ṣakabùlà tí gbogbo ọdẹ Ìbàràpá ń gbé kiri. Ẹ ó wá fìka tọ lẹ́tà tó wà lórí ọ̀pá rẹ̀. Àbúrò yín, Bàbá Rábíù, kì í jẹ́ kí ẹ sọ ọ́ tán. "Bàbá Amẹ́ríkà, irọ́ yín mà tún dé o!" Gbogbo agboolé á bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ẹ rí mi, ẹ kò sì bá mi wí.

Ọdún tí ẹ lọ sí kíláàsì àwọn àgbà, mo rí ìkọ̀wé yín lórí síléètì. Lẹ́tà kan dùbúlẹ̀, èkejì ń ṣubú lé e. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti orí ìbọn náà rí. Ọjọ́ náà ni mo ti gbà lọ́kàn mi pé ẹ̀yin lẹ fi ìṣó kọ ọ́ síbẹ̀ kí ìtàn yín lè dúró. N kò bi yín. Ṣé ẹ̀ bá ti bínú ká ní mo bi yín?

Lẹ́yìn òmìnira, wọ́n rán ọmọ Amẹ́ríkà kan wá kọ́ àwọn ọmọ iléèwé níwèé ní Èrúwà, níbi tí mo ti ń ṣe akọ̀wé káńsù. Ẹnu mi tí kì í dákẹ́ sọ̀rọ̀ ìbọn fún un. Ó ní bàbá òun ń tún irú rẹ̀ ṣe nílé, pé òun máa wá wò ó lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ̀rù bà mí. Mo ní tó bá rí lẹ́tà wọ̀nyẹn, á mọ̀ pé àgbẹ̀ Igbó-Ọrà ló kọ ọ́, á sì fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Ní Tọ́sìdeè, mo gbé ìbọn lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ. Ó fi fáìlì ha orí ọ̀pá náà títí ó fi ń dán.

Ọmọkùnrin náà dé, ó sì fara balẹ̀. Ó ka ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá ìbọn, ó pé mẹ́jọ. Ó tan tọ́ọ̀ṣì sínú rẹ̀, ó rí ìlà tó lọ́ bí okùn, èyí tí kì í sí nínú ṣakabùlà. Ó ní igi ìdí rẹ̀ kì í ṣe igi ilẹ̀ wa. Inú mi ti ń dùn nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ dé ibi tó ń dán. Ó bi mí bóyá nǹkan wà níbẹ̀ rí. Ó ní àwọn tó ń rọ irú ìbọn bẹ́ẹ̀ nílùú wọn máa ń gbẹ́ orúkọ wọn síbẹ̀, pé ọ̀pọ̀ wọn kò kàwé, lẹ́tà wọn kì í sì í gún. Orúkọ yẹn ni ì bá jẹ́rìí ẹni tó ṣe é.

 Màmá jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wò mí. Mo dáhùn pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀ rí. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́. Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé ó jọ ti Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀rí. Màmá dìde, wọ́n wọlé.

Kí ni lẹ́tà àkọ́kọ́ tó wà níbẹ̀, Bàbá? Mélòó ni wọ́n? Mo ti gbìyànjú títí, n kò rántí ẹyọ kan. Ẹ fìka tọ ọ́ fún mi títí mo fi dàgbà, n kò fi ọkàn wò ó lẹ́ẹ̀kan.

Lọ́la, tí mo bá kírun àárọ̀ tán, màá gun kẹ̀kẹ́ lọ bá Bàbá Rábíù ní Ìdèrè tí wọ́n ń gbé báyìí. Màá sọ ọ́ lójú gbogbo ará ilé wọn pé ẹ kò purọ́ rí, pé èmi ni mo purọ́. Wọ́n á ní ẹ̀rí dà. N kò ní ju ọ̀rọ̀ ẹnu mi lọ, bí ẹ̀yin náà kò ṣe ní, wọ́n á sì fi mí rẹ́rìn-ín.

Ẹ foríjì mí.

Èmi ọmọ yín, tó fẹ́ràn yín ju bó ṣe fi hàn yín lọ.