Tẹlifíṣọ̀n Onípákó

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Ó jẹ ẹ́! Odidi àwo ìrẹsì, kò ku hóró kan, kò sì sí fóònù nítòsí. Ṣé ẹ ti gbà báyìí pé káfíńtà bí èmi ṣọ̀wọ́n? Kí n tó fọ́nnu débi tó dùn, mo kí yín o. Ṣé ara le? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn yín ti fúyẹ́? Ara tiwa náà le, àfi orí mi tó ń wú.

Mi ò gbàgbé ọjọ́ tẹ́ ẹ gbé Adájọ́, ọmọ yín, wá sọ́dọ̀ mi. Ẹ ní tíṣà ti sọ pé ọmọ tí kò bá lè jẹun láìwo fóònù, kí ìyá ẹ̀ máa tọ́jú ẹ̀ sílé. Tí wọn ò bá sì gbà á, iṣẹ́ tuntun tẹ́ ẹ rí bọ́ nìyẹn. Mo ní kẹ́ ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ bú sẹ́rìn-ín: "Ìwọ tó jẹ́ fóònù ló ń bá ẹ jẹun, ìwọ lo fẹ́ gbà á lọ́wọ́ ọmọ mi?" Ó dùn mí, torí òótọ́ ni.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo ti fóònù tèmi àti tiẹ̀ mọ́nú àpótí irinṣẹ́. Adájọ́ káwọ́ mọ́ àyà, ó wo àwo, ó wò mí, ó ní, "Bọ̀ọ̀dà, oúnjẹ yìí ò tíì tàn." Ọ̀gá mi ní ṣọ́ọ̀bù rẹ́rìn-ín débi pé ìṣó tó há sẹ́nu já bọ́.

Ibẹ̀ ni ọpọlọ mi jí. Mo ṣa àjákù pákó jọ, mo kan férémù ńlá kan, mo fá a títí ó fi ń dán, mo wá fi ìdérí ìgò méjì ṣe bọ́tìnì. Mo gbé e sórí bẹ́ńṣì, mo ki orí bọ̀ ọ́ láti ẹ̀yìn, mo bẹ̀rẹ̀ ìròyìn: "Ẹ káàsán o. Ṣíbí Adájọ́ ní òun ò rí iṣẹ́ ṣe láti àárọ̀." Ọmọ yín la ẹnu sílẹ̀, ìrẹsì wọlé! Mo ké bí ewúrẹ́, mo hó bí ọkọ̀ òfurufú. Tó bá ti gbé ṣíbí sílẹ̀, èmi náà á dákẹ́ jẹ́ẹ́ bí ìgbà tí iná lọ. Kíá, á tún bu òmíràn.

Iṣẹ́ tuntun yín á tù yín lára. Ẹ ò ní fi omijé wá ẹ̀rín. Adájọ́ á dàgbà, á sì sanra lójú yín.

Èmi ni àbúrò yín tí kò jókòó sílé ìwé, tí ọpọlọ ẹ̀ sì pé jù,
Káfíńtà.

Ó ku nǹkan kékeré kan: Àná ni mo gbé férémù náà kúrò, pé kó wá máa jẹun bí ọmọ èèyàn. Kò fẹnu kan nǹkan kan. Ọ̀gá mi gbé e padà, ó bá mi ki orí tiẹ̀ bọ̀ ọ́, ó tiẹ̀ kọrin. Adájọ́ yí bọ́tìnì, ó ní kí wọ́n dá bọ̀ọ̀dà òun padà. Ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá rí tíṣà, ẹ bá mi bi í bóyá àyè ọmọ méjì wà ní kíláàsì. Ẹ sọ fún un pé èyí àgbà ti sá nílé ìwé lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n á gbé àga tiẹ̀ wá.