Ìwúkàrà Tí Mo Gbé Fún Màmá Tèrésà

Savalou, Ọjọ́bọ̀.

Ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, nígbà tí òjò wó ilé ìpọntí Màmá Tèrésà ní Lougba, ìwúkàrà tó fi ń pọntí, tó jogún lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ ṣègbé. Ó ní kí n fún òun díẹ̀ nínú èyí tí mo ti gbà lọ́wọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀ fún ìwádìí.

Èyí tí mo ti ń fi ṣúgà bọ́ láti ọdún kan ni mo gbé lọ. Mo sì mọ̀ pé ó ti yàtọ̀. Okùn àbùdá rẹ̀, tó ń pinnu bó ṣe ń ṣiṣẹ́, ti já níbi tí àmì kan náà ti tún ara rẹ̀ sọ léraléra, apá kan lọ so mọ́ okùn mìíràn, apá kan sì di méjì. Ògidì rẹ̀ wà nínú yìnyín, ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́ta ni yóò gbà kó tó jí. Mo ń kánjú.

Lónìí mo bá a níbi tó ti ń da ọtí ọkà bàbà tó bàjẹ́ nù.

"Ọmọ mi, ọwọ́ mi ò dára mọ́. Ogbó ti dé."

Mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀.

Ó gbé ìkòkò kalẹ̀. "Ọjọ́ mẹ́ta lo ò lè dúró fún. Oṣù mẹ́ta ni mo fi ń bú ọwọ́ ara mi."

Kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo.

Mo ti yọ ògidì náà kúrò nínú yìnyín. Lọ́tẹ̀ yìí, mo máa dúró fún ọjọ́ mẹ́ta náà.