Ọmọ Mi Kò Wo Géètì Mi

Olóòtú wa, ẹ kú làálàá o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi, torí gbogbo Ilo-Awela ló mọ̀ mí. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, ṣùgbọ́n irin tí mo ń jó ti kọ́ ilé mẹ́ta.

Tí mo bá ṣe géètì tán, mo máa ń gbé e sí ẹ̀bá títì fún ọjọ́ kan, kí aráyé wí tẹnu wọn. Ní Sátidé, ọmọ mi tó wà ní yunifásítì fẹ̀yìn ti géètì tuntun, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń jiyàn lórí àwo tuntun àwọn òyìnbó onígìtá kan, orin aláriwo tí wọ́n ń pè ní mẹ́tàlì.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní, “Tàtijọ́ dáa jù ú lọ.”

Ọmọ mi ní, “Irọ́ ńlá! Orin ogún ìṣẹ́jú, onílù ò lu ìlù kan náà lẹ́ẹ̀mejì!”

Omi lé sójú ọmọ mi, torí orin lásán. Mo jowú. Ìlù tó ń dún nínú fóònù wọn ò kúkú yàtọ̀ sí òòlù mi! Wọ́n kúrò níbẹ̀, wọn ò wẹ̀yìn wo géètì tí wọ́n fẹ̀yìn tì.

Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé kí n fẹnu ara mi bi í pé, “Géètì bàbá ẹ ńkọ́?”